Ọdẹ́dìran Lọ Wá Oorun Nínú Igbó Àìpajúdé

Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Àwọn àgbà ló pa òwe náà fún wa bí ẹni pa obì, àwa sì ń jẹ awẹ́ rẹ̀ láìbéèrè igi tó so ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí i: nínú ilé tí ìyá ti di ọmọ, tí ọmọ sì ti di ìyá, ta ni kí a bá wí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sùn? Orí ìbéèrè yìí ni ìtàn mi dúró lé bí àjà ṣe ń dúró lórí òpó. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbé ọmọ yín lé ẹsẹ̀, kí ẹ sì bá mi tọrọ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá pé kí ó má jẹ́ kí a fi ìfẹ́ pa ohun tí a fẹ́ràn.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Àfọ̀n tí ń jẹ́ Ọdẹ́dìran. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀, òun náà sì di ọdẹ bí ọmọ ẹkùn ṣe ń di ẹkùn. Bí ó bá wọ igbó, àgbọ̀nrín a dágbére fún ọmọ. Bí ó bá wúkọ́ lẹ́yìn igi, ọ̀bọ a gbàgbé oúnjẹ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n akin tó le bí òkúta lójú ẹranko, bí ẹ̀kọ gbígbóná ló rọ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá yìí ló ṣì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá náà kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Àbẹ̀jẹ́ ni oríkì rẹ̀, ẹní ni ó ń hun, ẹní ló fi tọ́ ọmọ. Kò sí ilé kan ní Òkè-Àfọ̀n tí wọn kò sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí i, báyìí ni wọ́n ń wí:

Àbẹ̀jẹ́, ọwọ́ tó tẹ koríko lórí ba títí koríko fi di ibùsùn ọba,
Ìyá tí ń dúró kí gbogbo ayé lè dùbúlẹ̀,
Ó jí ṣáájú àkùkọ, ó sùn lẹ́yìn iná.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, Ọdẹ́dìran ṣe ọdẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Ìbídùnní, sílẹ̀ pẹ̀lú oyún tó ti tó bí, ó sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ẹní kékeré kan tí ó ń hun fún ọmọ tí wọ́n ń retí. Ọjọ́ kẹfà tó kúrò nílé ni ikú yọ́ wọlé bí ológbò, ó mú ìyá arúgbó náà lọ. Wọ́n sin ín sínú yàrá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wọn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú, Ìbídùnní bí obìnrin. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni Ọdẹ́dìran wọ̀lú, ẹtu lọ́rùn, orin lẹ́nu.

Bàbá Ọ̀pádìjọ, àbúrò bàbá rẹ̀ tí í ṣe baálé, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ba bàbá náà láti túfọ̀ ikú fún ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́, ó wá fi ọgbọ́n àgbà sin òkú náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lé Ọdẹ́dìran lọ́wọ́, ó ní, “Ìyá rẹ rìnrìn àjò nígbà tí o kò sí nílé, ṣùgbọ́n ó ti padà kí o tó dé. Wo iwájú orí rẹ̀, wo etí rẹ̀. Yéwándé la sọ ọ́. Má sunkún o. Ẹni tó lọ tó sì bọ̀, ẹkún kí ni a óò sun lé e lórí?”

Ọdẹ́dìran kò sunkún. Omijé gòkè dé ẹnu ìpéǹpéjú, ó padà lọ jókòó sí i láyà bí òkúta nínú odò. Kò wọ yàrá tí ibojì wà, kò fi ìdí kan ilẹ̀, kò sọ gbólóhùn ìdágbére tí ọmọ ń sọ fún òbí rẹ̀ tó lọ. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dágbére fún ẹni tó gbé lọ́wọ́?

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo agboolé ti gbàgbé pé ọmọ ìkókó ni ọmọ ìkókó. Ní òwúrọ̀, Ọdẹ́dìran a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a ní, “Ẹ káàárọ̀, ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” “Ẹ” ni o, kì í ṣe “o”, ẹni tó bá sì pe ọmọ náà ní “ìwọ” létí rẹ̀ ti wá ìjà ọdẹ. Ìyàwó baálé wá kúnlẹ̀ bi ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá pé níbo ló tọ́jú ọmọ odó sí kó tó lọ. Àwọn orogún méjì gbé ìjà wọn wá síwájú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà sì tọ̀ sí ọ̀kan lára, wọ́n ní Ìyá ti dájọ́, ẹni tó rin gbingbin náà sì lọ tọrọ àforíjì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Ọdẹ́dìran a gbé e lé ẹsẹ̀, a máa ka gbogbo ohun tó ń dùn ún fún un, ẹran tó bọ́, ẹsẹ̀ tó kọ, àárò tó ń sọ ọ́. A ní, “Ìyá mi, ẹ má lọ mọ́ o. Ẹ máa wò mí.” Ọmọ náà a sì máa wò ó.

Ìyà tó pọ̀ jù wá já lé Ìbídùnní lórí, nítorí ọmọ tó bí ti di ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pàṣẹ fún ìyá ọkọ pé kó sùn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ẹni rẹ ọmọdé. Bí ó bá fẹ́ fún un lọ́mú, a kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni oorun ṣe fi ọmọ náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń sùn díẹ̀ tó ń jí. Kò sùn rárá ni. Wọ́n fi omi ewé wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n pọ̀n ọ́n yí agboolé ká títí ẹsẹ̀ wọn fi lu ipa ọ̀nà tuntun sílẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú fèrèsé ilé tí onílé ti ṣí lọ. Oṣù kìn-ín-ní kọjá, oṣù kejì kọjá. Ní oṣù kẹta, apá rẹ̀ ti tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ọmú Ìbídùnní sì ń gbẹ lọ bí odò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá arúgbó tó gbẹ̀bí rẹ̀ wá wò ó, ó mi orí. Ó ní ìdajì oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ọmú ni, ìdajì yòókù oorun ni, ẹni tó bá sì ń jẹ ìdajì kì í pẹ́ láyé. Ó ní oṣù tuntun máa lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i. Bí ó bá bá ọmọ náà lójúfò, kí wọ́n máa múra ibi tí wọn yóò sin ín sí.

Ọdẹ́dìran bi àwọn àgbà ọdẹ léèrè pé níbo ni Oorun ń gbé. Wọ́n ní nínú igbó kan ni, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n ń pè ní Igbó Àìpajúdé. Wọ́n ní àwọn iwin ibẹ̀ ti gbàgbé bí a ṣe ń pa ojú dé, nítorí pé gbogbo oorun tó yẹ kí wọ́n sùn ni wọ́n ń kó fún ìyá wọn, Oorun fúnra rẹ̀, láti pín fún ayé. Ọdẹ́dìran bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò rẹ̀. Ìbídùnní kúnlẹ̀ tì í.

Ó ní, “Ọkọ mi, kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ ohun kan. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní oríkì tèmi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ọmọ, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.”

“Ṣé o fẹ́ lé ìyá mi lọ lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Ìbídùnní dìde, ó sì lọ gbé ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń sunkún.

Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ kejì, Ọdẹ́dìran rọ ẹ̀tù sí ìbọn, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní, “Ọlọ́run tó dá igbó tó dá ọ̀dàn, Ìwọ tí kì í tòògbé kí ẹ̀dá lè rí oorun sùn, má jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ wọ igbó kí n má fi ẹsẹ̀ jáde. Ohun tí mo ń wá kò tóbi. Oorun ẹyọ kan ni, èyí tó mọ níwọ̀n ojú kékeré méjì.” Ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹta ni ó wọ Igbó Àìpajúdé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbó náà dúdú bí inú ìkòkò aró, ó sì tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Ewé ibẹ̀ kì í mì, bẹ́ẹ̀ ni kì í sinmi. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í ké, bẹ́ẹ̀ ni kì í dákẹ́, ṣe ni wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó sáré. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ní ojú lára èèpo, ojú tó pọ́n bí ojú ẹni tó ṣọ́ aláìsàn mọ́jú, bí Ọdẹ́dìran sì ti ń kọjá ni ojú wọ̀nyí ń yí tẹ̀lé e. Ó rí patanmọ́ nílẹ̀, ewé kékeré tí àwa gbogbo fi ṣeré ní kékeré, tí í pa ara rẹ̀ dé bí a bá ti fọwọ́ bà á. Ó fi ẹsẹ̀ kàn án. Kò pa ara dé. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ewé náà tún là sílẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà á.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi kan iwin kan tó dí ojú ọ̀nà. Ṣọ́nà-Má-Tòògbé ni orúkọ rẹ̀. Ó ga ju ọ̀pẹ méjì tí a to lé ara wọn lọ, ojú méjì níwájú, ojú méjì ní ìpàkọ́, ojú kọ̀ọ̀kan ní orúnkún, kò sì sí ìpéǹpéjú lórí ẹyọ kan nínú wọn. Ó fi ojú orúnkún wo Ọdẹ́dìran, nítorí ibẹ̀ ni gíga ọdẹ náà mọ.

Ó ní, “Ìwọ ẹlẹ́ran ara, ìwọ tí oorun ń gbé ṣubú lójoojúmọ́ bí ọ̀mùtí, kí lo ń wá níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dùbúlẹ̀?”

Ọdẹ́dìran dá a lóhùn pé bí ilé kò bá dùn, ọ̀nà ni ẹsẹ̀ ń mọ̀. Pé Yéwándé òun kò sùn, òun sì ń wá Oorun lọ.

Iwin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì dà bí igi gbígbẹ tó ń ya. “Ohun tí ò ń wá lọ sí Sókótó, kò má jẹ́ pé inú àpò ṣòkòtò rẹ ló wà. Kò kàn mí. Òfin kan ni mo ń ṣọ́. Ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ Oorun kì í gbé ẹrù. Sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀.”

Ọdẹ́dìran gbé ìbọn sílẹ̀, ó gbé àpò sílẹ̀, ó tú òǹdè oògùn ọrùn rẹ̀, ó sì ṣí fìlà. Ṣọ́nà-Má-Tòògbé bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan gbé e sókè bí ẹni wọn iṣu, ó sì yára sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní ẹrù kan ṣì kù, ẹrù tó wúwo ju ìbọn lọ. Ọdẹ́dìran fi orúkọ bàbá rẹ̀ búra pé kò sí mọ́. Iwin náà wò ó pẹ̀lú gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó wá yà fún un lọ́nà.

“Kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ru ẹrù, òun náà ló ń rù ú jìnnà jù.”

Ó tún rìn títí, ó gbọ́ ohùn kan tó ń kérora nílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wò, ó rí ẹ̀dá kan tí kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ funfun báláú. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ga ju àká lọ: odó, ọlọ, ààrò mẹ́ta tí eérú ṣì wà nínú wọn, àpótí ìdílé, ìjà àwọn aya ilé tí a bù sínú igbá bí omi kíkan, àti lórí gbogbo rẹ̀, àga àgbà. Ọrùn rẹ̀ ti rì wọ àyà.

Ẹ̀dá náà ní, “Ọdẹ, wọ́n ní o gbọ́n. Dá ẹjọ́ mi fún mi. Àwọn ènìyàn mi ló gbé èyí lé mi lórí. Wọ́n ní orí mi jọ orí ẹnìkan tó máa ń rù ú tẹ́lẹ̀.”

Inú bí Ọdẹ́dìran débi pé ó gbàgbé ìbẹ̀rù. Ó ní ìka kan kì í ṣe iṣẹ́ ìka márùn-ún. Ó ní ẹni tó bá gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé, orí ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ wọ́, ojú ẹni náà ni ìtìjú yóò sì kẹ́yìn sí. Ẹ̀dá náà jẹ́ kí ó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

“Kí wá ni kí onítọ̀hún ṣe?”

“Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀, kí ó sì bẹ̀ ọ́.”

“Bí ó bá jẹ́ ẹni tí o mọ̀ ń kọ́?”

Ọdẹ́dìran ní, “Bí ó bá jẹ́ èmi fúnra mi, mo gbà.”

Ẹ̀dá kékeré náà gbé ojú sókè wò ó pẹ́. Ojú náà kò ṣàjèjì sí i, ṣùgbọ́n kò rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Mo ti gbọ́. Igbó náà ti gbọ́.” Ó sì ń fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ sínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Ní ìpẹ̀kun igbó ni ilé Oorun wà, òwú ni wọ́n fi mọ ọ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó sanra, tó dúdú, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo bí ewé kókò tí òjò pa, ohùn rẹ̀ sì dà bí òjò òru lórí koríko ilé. Ọdẹ́dìran dojúbolẹ̀, ó kí i:

Oorun, ọ̀rẹ́ tálákà, ẹlẹgbẹ́ olówó,
A-gbé-ọba-ṣánlẹ̀-má-jẹ̀bi,
Ọ̀rọ̀ rẹ dọwọ́ rẹ, Yéwándé mi ń kú lọ lójúfò.

Oorun kò dá a lóhùn ẹ̀bẹ̀. Ó ní kí ó kọ́kọ́ túmọ̀ òwe kan fún òun, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ti ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn. Ọdẹ́dìran túmọ̀ rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń túmọ̀ rẹ̀: ẹni tó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu, ara òun náà kò ní rọgbọ. Oorun ní ó dára. Ó ní, “Nínú ilé rẹ, ta ni ìyá náà, ta ni ọmọ náà?”

Ọdẹ́dìran la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé Yéwándé ni ọmọ, ahọ́n rẹ̀ ní ìyá mi ni. Ó fẹ́ sọ pé ìyá òun ni Yéwándé, ó rántí apá tó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀.

Oorun ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá sí ilé rẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bèèrè ọmọ ìkókó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kò sí ọmọ ìkókó níbẹ̀, Ìyá ló wà níbẹ̀. Mo padà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ bá Ìyá náà. Ọmọ ọwọ́ kan la ojú sí mi, ojú náà sì wí fún mi pé ìyá kì í sùn kí ilé tó sùn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò sì tíì sùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìwọ ni mo bá, tí ò ń sọ fún un pé kí ó máa wò ọ́. Èmi kì í bá ẹni tí wọ́n fi ṣọ́nà jà. Ìwọ ni ọmọ inú òwe náà, Ọdẹ́dìran. Ìyá méjì ni ìwọ nìkan kò jẹ́ kí ó sùn.”

Ó dìde, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn ibẹ̀, kùrukùru bò ó. Àwọn ènìyàn ń kọjá níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ẹní ká sí abíyá, wọ́n ń lọ síbi tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró létí ọ̀nà tó kọjú sí ayé, kò ní ẹní lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti wú bí iṣu. Ọdẹ́dìran mọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó mọ ojú rẹ̀.

“Àdìgún,” ni ó wí. Kò sí ẹni tó tún ń fi oríkì náà pè é láyé mọ́. Ọdẹ́dìran wó lulẹ̀.

“Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nílé wa ni?”

“Ojú mi ni mo yá a. Ẹrù mi kọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. “Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, o ó pè mí, n ó gbé e padà. Láàárọ̀ o ó pè mí, lálẹ́ o ó pè mí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n jókòó.”

Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó rántí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ lórí iná, ó bèèrè ẹní kékeré tó hun fún ọmọ náà. Ọdẹ́dìran ní ó wà lára ògiri, pé òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ara kàn án nítorí pé ẹní Ìyá ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín kékeré kan, ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé wọ́n rín nínú igbó náà tí kò ba ni lẹ́rù. Ó ní, “Ẹní ọmọ ọwọ́ ni, Àdìgún. Ẹsẹ̀ mi kan kò lè gba ibẹ̀.”

Ọdẹ́dìran fẹ́ dágbére fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n Oorun ti ilẹ̀kùn. Ó ní a kì í dágbére fún òkú lẹ́yìn ilé onílé. Ibi tí a gbé sin ín ni a ti ń sọ ọ́. Ó ní òun kò ní oògùn tí òun yóò dì fún un. Kí ó lọ ṣe ìdájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá nínú igbó, nítorí oṣù tuntun kò ní dúró dè é.

Ìrìn àbọ̀ rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í wo ẹyẹ. Kò dúró gbé ìbọn rẹ̀ pàápàá. Ohun kan ṣoṣo ló rí: bó ti sáré kọjá lórí patanmọ́, ó pa ìdajì ewé rẹ̀ dé, ìdajì yòókù ṣì là sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìròyìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án ló wọ Òkè-Àfọ̀n, oṣù sì ti lé, ó tín-ín-rín lójú ọ̀run bí èékánná. Ìbídùnní jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà kò lágbára ẹkún mọ́, ó kàn ń wò ni. Ọdẹ́dìran kò dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó kọjá wọ yàrá tí kò wọ̀ láti oṣù mẹ́ta, ó fi ìdí kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, òkúta àyà rẹ̀ sì yí kúrò lójú odò. Ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Gbogbo agboolé gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ìyá mi, Àbẹ̀jẹ́, mi ò sí nílé nígbà tí ẹ lọ. Ẹ má bínú. Ẹ máa lọ wàyí. Ó di gbére, ó di ojú àlá. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ ni kí ẹ bá wọn jẹ. N ó máa ṣọ́ ilé. Ẹ jókòó, ìyá mi. Ẹ dùbúlẹ̀.”

Nígbà tó gbé ojú sókè, Bàbá Ọ̀pádìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Bàbá náà ní, “Èmi ni mo gba ẹkún yìí lọ́wọ́ rẹ. Mo rò pé oore ni.” Ọdẹ́dìran kò bá a jà. Ó na ọwọ́, ó sì mú ẹní kékeré náà lára ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kí n tó tẹ́ ẹní náà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ yín létí. Òótọ́ ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọmọ tuntun di àgbà ọjà. Bí bàbá bá padà wá, bí ìyá bá yà lọ́dọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ kí ó tó jẹ́ ohunkóhun. Ẹ sunkún òkú yín lójú òkú. Ẹkún tí a kò sun ní ọjọ́ rẹ̀, ọmọ ẹni ló ń sun ún. Ẹnu ọmọ inú ìtàn yìí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí irun orí rẹ̀ ti di òwú, ó sì ń tòògbé láàárín ọ̀rọ̀ débi pé ọjọ́ méjì ni mo fi gbọ́ ọ tán. Kí Ọlọ́run fi oorun àlàáfíà sí ojú gbogbo ọmọ wa.

Ọdẹ́dìran tẹ́ ẹní náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùnní. Ó gba ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Gígùn ọmọ náà àti gígùn ẹní náà ṣe rẹ́gí. Ó wá bi ìyàwó rẹ̀ pé oríkì wo ló ti ń fi pe ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ìbídùnní wò ó lójú bóyá ìjà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe ìjà, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń yọ ohun tó pamọ́ sábẹ́ aṣọ: “Àmọ̀kẹ́.”

Ọdẹ́dìran dojú kọ ọmọ náà. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń dúró de ẹjọ́ alẹ́, ìjà aya ilé, ẹran tó bọ́ àti àárò. “Ẹ” wá sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó gbé ọwọ́ lé àyà kékeré náà, ó sì sọ fún un pé,

“Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi, jọ̀wọ́, sùn.”